Ìyálé àti Ìyàwó Nínú Ọgbà Wa ní Òkè-Afá

Òkè-Afá, Ìsọlọ̀, Èkó.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn kíláàsì.

Kọ́láolúwa Àkànmú, ọmọ ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Àbújá? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé o ń sùn dáadáa, ṣé o sì ń rí iṣu gidi jẹ níbẹ̀? Bí o bá béèrè tèmi, ara mi le koko, orúnkún nìkan ló máa ń bá mi ṣàwàdà ní àárọ̀. Ọlọ́run tó jí mi lónìí ni yóò máa ṣí ọ̀nà fún ọ. Ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kò ní yọ̀, ẹni tí o bá kí yóò dá ọ lóhùn. Àmín. Èmi fúnra mi ni mo kọ ìwé yìí o, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Àǹtí Moyọ̀sọ́lá, tíṣà wa ní kíláàsì àgbàlagbà, ní bí mo bá lè kọ lẹ́tà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìbéèrè ọ̀rọ̀ kan, òun yóò gbé mi lọ sí kíláàsì kejì. Nítorí náà, bí o bá rí ibi tí mo ti gbàgbé àmì ohùn, fi ojú fò ó bí ọmọ tí a kọ́.

Ọkọ̀ tí o rà ti dé. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni Mísbáù, awakọ̀ ẹni tó tà á fún ọ ní Àpákun, wà á wá. Ó dúdú, ó ń dán bí kóró iṣin, ó sì ga débi pé mo rò pé ilé kan ló ń bọ̀ lọ́nà. Kọ́lá, mo ti rí ọkọ̀ láyé, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ọkọ̀ tó ní ẹ̀kọ́ ilé rí. Èmi àti Mísbáù ń rìn lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí a tó dé ibẹ̀, ó ti tan iná sí ilẹ̀ níwájú mi kí n má bàa kọsẹ̀. Mo ní kí ló dé? Mísbáù ní ó ti rí yín ni, Màmá, ó ń kí yín ni. Mo ní kú ìrìn o, kú ewu ọ̀nà. Bí a ṣe ṣí ilẹ̀kùn, àtẹ̀gùn kan yọ lábẹ́ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá ẹsẹ̀ mi. Kọ́lá, ó kúnlẹ̀! Ọmọ ènìyàn tí a fi ọmú bọ́ wà ní àdúgbò yìí tó ń kí mi lóòró, tó tún ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

Ohun tí a máa ń ṣe fún ìyàwó tuntun kí ó tó wọ ilé ọkọ, o mọ̀ ọ́n. Mo bu omi tútù sí kèrègbè, mo sì dà á sí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ní ẹsẹ̀ rẹ á tu wá lára, wàá bá wa pẹ́, o kò ní bá wa jà. Mísbáù fẹ́ rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n ó rí ojú mi, ó ní àmín. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí abẹ́ taapólì, mo fọwọ́ tẹ ọkọ̀ bàbá rẹ àgbà lórí, mo ní ìyálé, a ti gbé ìyàwó dé o, má ṣe fajú ro. Mísbáù fún mi ní fọ́ọ̀mù kan, ó ní kí n kọ bí ọkọ̀ náà ṣe wà nígbà tí mo gbà á síbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: ó dé láyọ̀, ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mu omi. Mo fọwọ́ sí i pẹ̀lú orúkọ mi, kì í ṣe àtàǹpàkò mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá nìyí. Ọgbà kò gba méjèèjì. Ìwọ sì ti bá Táòfíkì, ọkùnrin Èjìgbò tó ń ra irin àlòkù, sọ ọ́ lórí fóònù pé kí ó wá gé ọkọ̀ Bàbá ní àárọ̀ Sátidé kí tuntun lè wọlé. N kò bá ọ jiyàn. Mo ní kí o má bàa sọ pé ìyá arúgbó ló ń dí ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi. Ọkọ̀ tí ọ̀gá òyìnbó fún bàbá rẹ àgbà Fọlárìn nígbà tí òyìnbó ń padà sí ìlú rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún tí Bàbá fi jẹ́ awakọ̀ rẹ̀ láì fara gbá nǹkan kan! Inú rẹ̀ ni a gbé ìwọ fúnra rẹ sí wá sílé láti ọsibítù, o ń ké, Bàbá sì ń wà á jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin sórí.

Ní ọjọ́ Ẹtì mo ní ó dáa, kí wọ́n tó gé ìyálé, ẹ jẹ́ kí n mọ irú ìyàwó tó dé. Ìdrís, ọmọ Alájà Ìsíátù tó múlé tì wá, ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fẹ́ǹsì. Ó ní Ìyá Àgbà, ti Amẹ́ríkà yìí kì í ṣe ọkọ̀, ilé tí wọ́n fi táyà sí nídìí ni. Ó ní Bẹ́ǹsì tòun, ará Jámánì, bó bá dé kọ́nà, ńṣe ló máa ń dì mọ́ títì bí ọmọ tó di ìyá rẹ̀ mú. Mo ní mo mọ ìdílé Bẹ́ǹsì kí wọ́n tó bí ọ, àwa la ń pè é ní Mẹ̀sí Ọlọ́yẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ọlọ́lá nìkan ló ń gbádùn ọyẹ́ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo bu omi kún abọ́ dé etí, mo gbé e lé itan, mo ní kí ẹ gbé mi dé Ìsọlọ̀ kí ẹ gbé mi padà, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a wo èyí tí yóò da omi lé mi lára.

Ti Ìdrís la kọ́kọ́ wọ̀. Omi ìlàjì abọ́ ló dà sórí ìró mi, ṣùgbọ́n ẹ̀bi Ìdrís ni, kì í ṣe ẹ̀bi ọkọ̀, torí eré tó ń sá bí ẹni tí ajá ń lé. Lóòótọ́, ó di títì mú ní kọ́nà bó ṣe wí. Lẹ́yìn náà ni Lẹ́súsì ará Jàpáànù, ọkọ̀ pásítọ̀ wa. Ìyẹn dákẹ́ bí ẹni tó ń gbààwẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo ṣì ń béèrè pé ṣé a kò tíì lọ ni, pásítọ̀ ní a ti dé. Omi díẹ̀ ló dà.

Nígbà tó kan tiwa, agogo kan dún jẹ́jẹ́, mo tẹrí ba, mo dijú, mo rò pé àdúrà ìrìn-àjò ló fẹ́ gbà. Mísbáù, tó padà wá fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn mí, ní bẹ́líìtì ló ní kí n dè. A kò tíì rìn jìnnà tí ẹnì kan láti inú àga bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ mí lẹ́yìn, ó ń tẹ̀ ẹ́ sókè, ó ń tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ibi tó ń dùn mí gan-an ló mọ̀. Mo ní kí ẹni tó wà níbẹ̀ jáde wá gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Mísbáù ní àga ló ń ṣe é. N kò gbà á gbọ́, mo fi obì méjì sílẹ̀ lẹ́yìn àga kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ náà mì díẹ̀ ní kọ́nà, bí ìyàwó tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, ṣùgbọ́n omi kò dà àfi nígbà tí a fò gọ́tà.

Mo wá ronú kan ti Bàbá. Nígbà tó ń rìn, mo máa ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ lórí eré. Bó bá fẹ́ sùn, ó máa ń di ojú iná rẹ̀ méjèèjì bí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ó ń mu epo bí ẹni tó jẹ iyọ̀ jù, ó sì gùn débi pé bí Bàbá bá fẹ́ yà sí Èjìgbò, láti Òkè-Afá ló ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Tuntun jù ú lọ ní gbogbo nǹkan, àfi ẹyọ kan. Àga iwájú tàtijọ́ gùn gbọọrọ bí bẹ́ǹṣì, mo lè jókòó ti ọkọ mi. Tuntun gbé àpótí sí àárín ẹni méjì bí ẹni tó ń là wọ́n níjà. Mo gbà pé ó dára, Kọ́lá. Ó dùn mí pé ó dára.

Sátidé, Táòfíkì dé pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́ta, ayùn irin àti òṣùwọ̀n. Ó ní Ìyá, ẹ má bínú, irin ni, irin kì í ní ẹbí, kílò la fi ń rà á. Mo ní kí ó ní sùúrù, kí n tú nǹkan tó wà ní orí imú rẹ̀ fi ṣe ìrántí. Láti ọdún tó ti wà lábẹ́ taapólì, ẹnikẹ́ni kò nu ojú rẹ̀. Mo fi etí ìró mi nù ún, eruku lọ, ni mo bá rí ilà ojú rẹ̀: àpótí kékeré kan, àgbélébùú sì wà nínú rẹ̀. Mo ní mo ti rí ilà yìí níbì kan. Mo sáré, orúnkún mi gbàgbé pé òun ń dùn mí, mo dé ẹnu géètì níbi tí tuntun wà. Ilà kan náà ló wà ní ojú rẹ̀! Mo wo orúkọ tí wọ́n kọ sára ti àtijọ́, mo ka lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún ka ti tuntun, ọ̀kan náà ni. Lẹ́tà kan wà nínú rẹ̀ tí Àǹtí Moyọ̀sọ́lá kò tíì kọ́ wa, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló ní in. Ogójì ọdún ni mo fi ń jókòó nínú ọkọ̀ yẹn, n kò mọ̀ pé Líńkọ́ọ̀nù, orúkọ tí Mísbáù pe tuntun fún mi, ni wọ́n kọ sí i.

Ojú tì mí, Kọ́lá. Wọn kì í ṣe ìyálé àti ìyàwó. Ìyá àgbà àti ọmọ ọmọ ni wọ́n! Èmi ni mo wá ń da omi sí ọmọ ọmọ lẹ́sẹ̀ bí ẹni pé ọkọ ló wá fẹ́. Ẹni bíni là á jọ. Níbo ni o rò pé ó ti kọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀? Mo dúró níwájú ayùn, mo ní Táòfíkì, o ní irin kì í ní ẹbí, wá wo ojú àwọn méjèèjì. Ó wò ó, ó lọ, ó bọ̀, ó họ orí. Ìdrís náà fò kọjá fẹ́ǹsì, ó ní ilà ti Bẹ́ǹsì tòun ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, kò jọ èyí rárá. Táòfíkì ní Ìyá, òótọ́ ni, ẹbí ni wọ́n, ṣùgbọ́n èmi ńkọ́, mo ti san owó ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ mi wá. Mo ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ọkọ̀ yìí kò lọ síbì kan.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo ní kí wọ́n wó ilé adìyẹ mi, àyè ibẹ̀ ló ṣẹ́kù. Táòfíkì mú adìyẹ mẹ́rin fún wàhálà rẹ̀, a se méjì jẹ níbẹ̀. Àwọn tó wá gé ìyá àgbà ló fún un ní afẹ́fẹ́ sí táyà, tí wọ́n fi orin tì í dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, Ìdrís ló ń pariwo jù, ẹnu rẹ̀ kún fún itan adìyẹ. Tuntun wọlé, géètì sì padé. Àwọn méjèèjì kọjú síta báyìí, bí ẹni jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Jọ̀wọ́, dá owó ọkọ̀ tí Táòfíkì san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ padà fún un, ọkùnrin rere ni. Kí o sì fi owó ránṣẹ́ sí mi fún taapólì tuntun, adìyẹ mẹ́fà, ìwé kíkọ méjì àti gíláàsì ojú. Bí o bá fi sínú fóònù mi, pè mí kí o tó fi í sí i, kí n lè ṣáájì rẹ̀ kún, torí mo ti ṣàkíyèsí pé bí bátìrì ṣe ń lọ sílẹ̀ ni owó inú rẹ̀ náà ń lọ sílẹ̀. Wá sílé ní Kérésì kí o wá wa ọkọ̀ rẹ.

Àkànmú, ọwọ́ rẹ yóò to ohun tí ọwọ́ bàbá rẹ àgbà kò tó. Wàá gbó, wàá tọ́, orúnkún rẹ yóò dùn ọ́ bí tèmi, ọmọ ọmọ rẹ yóò sì ra èyí tó dára ju tìrẹ lọ. Ní ọjọ́ náà, wọn yóò nu ojú rẹ, wọn yóò rí ara wọn níbẹ̀, wọn kò sì ní gbé ọ lé òṣùwọ̀n. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ àgbà,
Adébímpé, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.