Orúkọ Tí Mo Kọ Sínú Ìwé Oúnjẹ

                                        Ilé Kọkànlélógún,
                                        Adamstown, Lucan,
                                        Dublin.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Olúwabùkọ́lá, ìbátan mi àti ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Bọ̀dá Láńre ńkọ́, ṣé Yunifásítì ti gbà wọ́n wọlé? Mo kí gbogbo yín ní Ilé-Ifẹ̀. Tí o bá bi mí pé èmi ńkọ́, màá ní mo wà, ṣùgbọ́n wíwà náà ni mo ṣáà wà. Òtútù ti dé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo ń kọ ìwé yìí, ilẹ̀ sì ti ń ṣú.

Má bínú pé mi ò pè ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ lórí fóònù, ilé wa ò tóbi, gbogbo ogiri ló ń gbọ́. Ìyàwó pásítọ̀ wa ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ló máa mú lẹ́tà yìí wá. Má sì fi Yorùbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. O mọ̀ pé praimárì fáìfù ni mo kà dé kí wọ́n tó kó wa wá síbí. Ibi tí mo bá ti kọ ọ́ sódì, ṣáà máa kà á lọ.

Ládiípọ̀ àbúrò mi ṣàìsàn. Ó ti délé báyìí, má jáyà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fà á, ẹnikẹ́ni ò sì tíì lù mí tàbí bú mi, ìyẹn gan-an ló ń pa mí.

Láti oṣù kẹta ni wọ́n ti dín iṣẹ́ bàbá mi kù ní ilé ìkẹ́rùsí tó wà ní èbúté. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́sẹ̀. Màmá mi ń gbálẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú ní Swords, Sátidé sì niṣẹ́ wọn pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé gbọ̀ngàn kan wà nítòsí wa tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní Sátidé, èmi ni wọ́n rán, pẹ̀lú báàgì onítáyà.

Obìnrin òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Ruth ló jókòó sídìí tábìlì níbẹ̀. Ó gbé ìwé ńlá kan síwájú mi, ó ní kí n kọ orúkọ wa, àwọn ọmọ tó wà nílé, ọjọ́ orí wọn àti àdírẹ́sì. Wọn kì í béèrè páásípọ́ọ̀tù. Mo gba bírò, mo wo òkè ojú ìwé náà, kí ni mo rí? Orúkọ Mọ́mì Goodluck, tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Mo ní bí mo ṣe rí tiwọn yìí ni wọ́n máa rí tiwa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Goodluck á sì gbé e wá sí kíláàsì wa.

O rántí ọjọ́ tí wọ́n sọ Ládiípọ̀ lórúkọ, bí àwọn àgbà ṣe ń dáwó tí wọ́n ń sọ tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ bíi mẹ́sàn-án? Méjì péré ló wọ páásípọ́ọ̀tù. Ọ̀rẹ́olúwa ni ìyá àgbà wa sọ ọ́, àwọn nìkan ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kú. Orúkọ yẹn ni mo kọ. Mo fi orúkọ bàbá màmá mi ṣe orúkọ ìdílé wa. Mo kọ ilé kejìlá, mo yí nọ́ńbà fóònù padà. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé irọ́ kọ́, orúkọ rẹ̀ ṣáà ni. Àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ní kí n fàmì sí tí a bá gbà. Mo fàmì sí i, mi ò ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Àṣé ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìjọba ibí ní káàdì ìwòsàn kan tí wọ́n ń fún àwọn tí owó wọn ò tó, tí ọmọ á fi máa rí dókítà, tí á sì máa gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé tí wọ́n máa kọ fún un gùn gan-an. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ tiwa lẹ́ẹ̀mejì, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ títí dòní. Lóṣù kẹsàn-án, àwọn ará gbọ̀ngàn ní kí ni wọ́n tún ń da àwọn èèyàn láàmú sí, ṣebí ìwé oúnjẹ ti fi hàn pé ilé báyìí lọ́mọ, nǹkan ò sì rọrùn fún wọn. Wọ́n mú orúkọ àwọn ọmọ tí ilé wọn fàmì sí àpótí yẹn, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń ṣe káàdì. Lẹ́tà á wá sílé, òbí á buwọ́ lù ú, ó parí.

Lẹ́tà Ọ̀rẹ́olúwa lọ sí ilé kejìlá, ilé tuntun tẹ́nì kankan ò tíì kó sí.

Ní Sátidé kan, Ruth bi mí bóyá lẹ́tà àbúrò mi ti dé. Mọ́mì Goodluck wà lẹ́yìn mi lórí ìlà. Mo ní ó ti dé. Ruth ní, "Grand," bí wọ́n ṣe ń sọ níbí pé ó dáa, ó gbé búrẹ́dì lé mi lọ́wọ́.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé Mọ́mì Goodluck gan-an ò fi nǹkan kan pamọ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti na káàdì Goodluck sókè, wọ́n ń sọ fún màmá mi pé, "Ìyá Adéyọmí, ibi oúnjẹ yẹn náà ni o, ẹ má jókòó sílé." Màmá mi délé, wọ́n bi mí, mo ní kò tíì kàn wá. Wọ́n ní bóyá torí pé a pẹ́ ká tó bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n wá sọ fún Ládiípọ̀ pé kó máa fín ìnhélà rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì, kó lè pẹ́ lọ́wọ́. O mọ̀ pé ikọ́ fée rẹ̀ ti wà láti Ifẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ràn. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń fín in.

Túsìdé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a ti ilé ìwé dé, mo ń wá bísíkíìtì fún un, mo gbọ́ tó ń mí gúlegúle. Ó fín ìnhélà, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ètè rẹ̀ ṣú. Mo pe áńbúláǹsì, ohùn mi ń gbọ̀n débi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni obìnrin tó gbé fóònù ní kí n tún àdírẹ́sì sọ. Bùkọ́lá, ilé kọkànlélógún ni mo ń pè lọ́jọ́ yẹn. Ládiípọ̀ ni mo sì pe orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò lọ́sibítù. Mo lọ sí ilé kejìlá, mo ṣí ihò lẹ́tà ara ilẹ̀kùn, mo yọjú. Àwọn lẹ́tà wà nílẹ̀ lóòótọ́, eruku ti bò wọ́n. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò tó.

Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn náà, mi ò lè sọ ọ́. Àná ni mo dúró kí gbogbo èèyàn lọ, mo jẹ́wọ́ fún Ruth. Ó ní òun ti fa ìlà sórí orúkọ ọmọ yẹn, òun rò pé ó ti rí káàdì gbà. Ó tẹ lẹ́tà náà jáde lẹ́ẹ̀kan sí i kí n fi han màmá mi, ó ní a máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ páásípọ́ọ̀tù, ó sì máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òbí fúnra wọn gbọ́dọ̀ wá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi sọ fún wọn. Kò gbà.

Màmá mi ṣì wọ kóòtù iṣẹ́ wọn nígbà tí mo sọ ọ́. Wọ́n ka lẹ́tà náà tán, wọ́n ní, "Orúkọ tí màmá mi sọ ọ́ lo fi bojú." Jẹ́jẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Láti ìgbà náà, wọn ò bá mi sọ nǹkan kan mọ́.

Láàárọ̀ yìí, Ládiípọ̀ rí lẹ́tà náà lórí tábìlì. O mọ̀ pé òyìnbó nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ó kà á, ó bi mí pé ta ni Ọ̀rẹ́olúwa. Ó tún bi mí bóyá ikọ́ fée ń ṣe ẹni náà pẹ̀lú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣé ó ti wá rí káàdì tiẹ̀ gbà?"

Màmá mi wà nídìí síńkì. Wọ́n pa omi ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n wọn ò wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Kò tíì rí i gbà. Sátidé, èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ la máa lọ."

Bá mi kí ìyá rẹ àti Bọ̀dá Láńre. Tí o bá dé ibojì ìyá àgbà, má sọ fún wọn. Tàbí kí o sọ ọ́, mi ò mọ̀.

Èmi ṣì ni tìrẹ, tí o bá ṣì fẹ́ mi,
Adéyọmí.