Ọwọ́ Bàbá Rẹ Lára Ilẹ̀kùn Ṣọ́ọ̀ṣì

Hamdalah ọmọ mi, Àmọ̀kẹ́,

Àsàlámù àlékùmù. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń jẹun? Ṣé orí kò fọ́ ẹ mọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí a délé láyọ̀ láti Igando, tí ẹsẹ̀ kò kọ, tí mọ́tò kò sì bàjẹ́ lọ́nà àfi táyà kan, iwájú oníbọ̀ọ̀lì ni ìyẹn náà sì ti jò, nítorí náà kò sí ìyà níbẹ̀. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ẹ. Irin tí o ń gé kò ní gé ẹ. Iná tí o ń so kò ní gbé ẹ. Ẹni tó bá ní kí iṣẹ́ rẹ dúró, òun ni yóò dúró. Àmín.

Báyọ̀dé tó ń kó kajú lọ sí Èkó ni mo fi ìwé yìí rán sí ẹ. Ìdí tí n kò fi pè ẹ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà gùn, kádì á tán kí n tó dé ibi tó dùn, àti pé Bàbá rẹ ló máa ń gbé fóònù dání, bí mo bá gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n á fẹ́ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Òjò ti ń rọ̀. Lèmọ́mù ti ra pátákó tó ń jẹ oòrùn sórí òrùlé mọ́ṣáláṣí, iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ ṣú, mo ní kí wọ́n gun òrùlé lọ tan tọ́ọ̀ṣì sí i kí ebi má baà pa á, ni wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ó yá, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Ọjọ́ tí o ń lọ sí Ìbàdàn láti tún ẹ̀rọ àwọn tó ń to gílóòbù iná ṣe, èyí tí o ní ó máa ń ṣa nǹkan wínníwínní sórí pátákó bí adìyẹ ti ń ṣa bàbà, o sọ fún mi nínú kíṣìnnì pé Bàbá rẹ kò fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ. O ní láti ìgbà tí a ti dé tìtorí ọsibítù wọn ni wọ́n ti ń kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ rẹ jókòó bí ìyàwó tó ń bínú. Òótọ́ ni. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn, tí ọwọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó kó gbogbo irin ìgbẹ́gi rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì tó so ẹnu rẹ̀ pa, ó wá dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó bá ẹ̀rọ tó ń gbẹ́gi láìlọ́wọ́ rárá. Ojú wo ni kí ó fi wò ó?

Ẹ̀rọ náà, Síẹ̀ńsí tí ẹ ń pè é yẹn, mo kọ́kọ́ rò pé ọmọ Wisdom tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni, nítorí bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á ní Síẹ̀ńsí ò gbádùn lónìí, mo sì ti ń wá ewé efinrin sílẹ̀ fún un kí n tó mọ̀ pé irin ni.

Kò pẹ́ tí o lọ ni Àlàgbà Dáníẹ́lì dé, aláṣọ funfun yẹn láti ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ń bá ṣe ilẹ̀kùn ní Òkè-Odò. Wọ́n dé láìwọ bàtà, mo fẹ́ fún wọn ní sílípáàsì rẹ, Wisdom ní kí n fi í sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Inú àlàgbà kò dùn rárá. Wọ́n ní àwòrán ilẹ̀kùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn dára o, ṣùgbọ́n òun gan-an ló wà lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì kan ní àdúgbò Command, ilé Ọlọ́run kò sì lè bá òtẹ́ẹ̀lì wọ ankọ́. Wisdom ṣí òmíràn lórí kọ̀ǹpútà. Àlàgbà ní èyí wà lára bẹ́ẹ̀dì àna àwọn. Ó tún ṣí òmíràn, wọ́n ní èyí wà lára pósí tí wọ́n fi sin ọ̀gá àwọn. Wisdom ní inú íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn ti wá, mo bi í pé ṣé ọjà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ ni. Àlàgbà ní bí kò bá sí èyí tó jẹ́ ti àwọn nìkan, kí ó gbé pákó àwọn jáde jàre, nítorí Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ya ilé náà sí mímọ́. Ọ̀gánwó sì ni pákó náà! Ojú Wisdom pọ́n. Ó ní bí o bá ti Ìbàdàn dé tí o kò bá pákó yẹn, òun á kúkú gba Ikotun lọ sílé wọn ní Àgbọ̀, òun ò ní padà wá mọ́.

Ibẹ̀ ni Bàbá rẹ ti pòṣé. Wọ́n ṣì kọ ẹ̀yìn sí wa o. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń gbẹ́ ilẹ̀kùn, kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó ní ìkejì. Àlàgbà béèrè pé ta ni wọ́n, wọ́n ní Ràímì ni orúkọ àwọn, àwọn kò ṣe nǹkan kan mọ́, àwọn wá sí ọsibítù ni. Ni wọ́n bá rọra yí àga wọn padà, wọ́n bi àlàgbà pé kí ni wọ́n bá lórí ilẹ̀ yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà níbẹ̀. Àlàgbà ní irà ni, ewé kókò ló kún ibẹ̀, àti lékèélékèé, àwọn ẹyẹ náà sì pọ̀ débi pé àwọn ọmọ ìjọ tó ń bọ̀ lókèèrè rò pé ìsìn ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá rẹ ní kí wọ́n fún àwọn ní ṣọ́ọ̀kì. Hamdalah, wọ́n kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù rẹ, orúnkún tí wọ́n ní ó ń dun àwọn lójoojúmọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Ọwọ́ ń gbọ̀n, ewé kókò ń gbọ̀n, lékèélékèé ń gbọ̀n. Mo di ọwọ́ èmi fúnra mi mú kí n má baà lọ di tiwọn mú. Kọńdọ́ ọkọ̀ ń pe Ikotun lójú títì.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, àlàgbà ní èyí gan-an ni. Wisdom gun àga, ó fi fóònù rẹ̀ ya gbogbo ilẹ̀ náà. Mo fẹ́ sọ pé kí ó rọra, kí fóònù má baà kó àwọn ẹyẹ náà lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀kalẹ̀ wọ́n ṣì wà nílẹ̀, mo bá dákẹ́. Ó kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, ó ń fọwọ́ ra nǹkan kékeré tí ẹ ń pè ní eku lórí, n kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́, ó wá ní kí a wá wò ó. Ó ti na gbogbo ìlà gún régé, kò sí èyí tó gbọ̀n. Bàbá rẹ ní ẹyẹ àwọn kọ́ nìyí, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ wọ́n. Wisdom ní gbígbọ̀n yẹn ni òun yọ kúrò. Àlàgbà ní kí ó dá a padà, wọ́n ní àwọn tó wà nílẹ̀ fẹ́ fò, àwọn ti inú kọ̀ǹpútà ti jẹun yó. Wisdom ní bí ẹ̀rọ bá gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé ló máa rí i pé ọwọ́ ẹni tó yà á ń gbọ̀n. Bàbá rẹ ní kò burú, gbogbo Igando ti rí i ná.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nítorí pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni, mo tètè dé ìdí ẹ̀rọ rẹ, mo rí ọ̀rá dúdú lára àwọn irin tí orí rẹ̀ máa ń gbà lọ gbà bọ̀. Mo ní háà, ọmọ mi tó mọ́ tónítóní báyìí. Mo fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Wisdom dé, ó tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ náà ké bí ẹlẹ́dẹ̀, ó dákú. Wisdom káwọ́ lérí, ó ń béèrè pé ta ló nu gírísì. Mo ní èmi ni, kò tọ́pẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé gírísì yẹn ni kì í jẹ́ kí irin máa họ irin, ó lọ ra òmíràn wá, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa á. Bàbá rẹ dìde, wọ́n gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń fi ìka pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ tuntun lára. Iṣẹ́ yẹn kò bá ọwọ́ gbígbọ̀n jà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ nìyẹn, nítorí náà bí o bá fẹ́ bínú pé mo fọ̀ ọ́, rò ó wò ná.

Wisdom tún tan án. Ó ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rán an lọ sílé. Mo rò pé ó fẹ́ lé e ni, àfi bí ẹ̀rọ náà ṣe rọra rìn lọ sí igun kan, ó fara kan ibẹ̀, ó dúró. Wisdom ní ilé rẹ̀ nìyẹn, àràárọ̀ ló gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́, ìwọ lo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó dára, ọmọ mi tó kọ́ irin ní ilé lílọ, a ò rí i ní Iléyá tó kọjá. Lẹ́yìn náà Wisdom ní òun ń wá odò fún un. Mo yára pọn omi wá. Ó ní òdo ni òun ń sọ, ibi tí ìṣírò ti bẹ̀rẹ̀. O ṣáà mọ̀ pé ohùn Yorùbá rẹ̀ máa ń ṣubú síbi tó bá wù ú. Mo gbé omi mi padà.

Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, Bàbá rẹ kò jókòó, wọn kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ tí mo sè. Eruku ọ̀gánwó bo irùngbọ̀n wọn títí ó fi pọ́n bí osùn. Wisdom fẹ́ eruku kúrò lára pákó, àwọn lékèélékèé jáde. Gbogbo ìyẹ́ wọn ló ń gbọ̀n, bí Bàbá rẹ ṣe gbọ̀n ọ́n gan-an, ẹ̀rọ ò fi kún un, kò yọ kúrò. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, lórí igi tó ń gbọ̀n. Ó wọ ibẹ̀ bí ẹsẹ̀ ti ń wọ bàtà tirẹ̀.

Mo rò pé ó dùn wọ́n ni. Àfi bí wọ́n ṣe bi Wisdom pé apá ibo lára ẹ̀rọ yìí ni Hamdalah fúnra rẹ̀ ṣe. Wisdom ní gbogbo rẹ̀ ni. Wọ́n ní kí ó fi hàn àwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wisdom ń tọ́ka: èyí ló jó mọ́ra, èyí ló so wáyà rẹ̀, mọ́tò kékeré tó ń yí orí rẹ̀ yìí, ara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti kú ló ti yọ ọ́, lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa irin ní ààtàn Solous. Gbogbo nọ́ọ̀tì irin tó fi hàn wọ́n ni wọ́n fọwọ́ kàn, wọn ò fo ọ̀kan. Omi ń jáde lójú wọn. Wọ́n ní eruku ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn onífunfun fi orin gbé ilẹ̀kùn wọn lọ, àlàgbà sì lu agogo sórí Bàbá rẹ, wọ́n gbàdúrà fún ọwọ́ wọn. Bàbá rẹ ṣe àmín tó ròkè ju ti mọ́ṣáláṣí lọ. Jọ̀ọ́, má sọ fún Lèmọ́mù.

Bàbá rẹ wá kìlọ̀ fún Wisdom kó má sọ fún ẹ, pé àwọn fúnra àwọn ló máa sọ ọ́. Bí a ṣe padà wálé nìyẹn kí o tó ti Ìbàdàn dé. Gbogbo ìgbà tí o bá pè, mo máa ń jókòó tì wọ́n, màá ní ó yá. Wọ́n á ní ṣé o ti jẹun. Wọ́n á ní ṣé òjò ń rọ̀ ní Igando. Wọ́n á gbé fóònù fún mi. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ẹnu wọn lọ, ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyí.

Ní báyìí, ohun tí mo fẹ́ rèé. Bàbá rẹ ti sọ fún gbogbo èèyàn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé àwọn ti ríṣẹ́ sí Èkó. Wọ́n ní obìnrin ni ọ̀gá àwọn, ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọṣẹ́. Àwọn ará àdúgbò ti ń wá kí wa kú oríire. Wọ́n ti di ẹrù, ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, n kò lè gbálẹ̀ níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí dókítà dá fún wọn ṣì jìnnà. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o sì fi ohun ọbẹ̀ díẹ̀ kún un. Má san án sí báńkì o, ìgbà tó kọjá wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gbé e, mo dúró títí kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà wá ṣàlàyé ara rẹ̀, kò yọjú. Báyọ̀dé ni kí o fi í rán. Tún bá wọn ra ìbòmú àti jígí ojú irú ti Wisdom, wọ́n ti ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn èèyàn. Bí o bá sì pè, má sọ pé mo ti sọ. Ṣáà bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iná lọ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ohun tí o bá dè kò ní tú, ohun tí o bá tú kò ní sọnù. Wàá dàgbà, wàá rí ẹni tí yóò máa fọwọ́ kan iṣẹ́ ọwọ́ rẹ tayọ̀tayọ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìdíkátù, ìyàwó òṣìṣẹ́ Èkó.