Àwọn Lẹ́tà Tó Wà Nínú Òwú

Adúmáadán mi, àkọ́bí mi,

Mo nírètí pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ sì ń lọ déédéé. Àwa náà wà láàyè. Ṣùgbọ́n ẹnu ṣì ń yà mí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Láti ọjọ́ tí o ti ní o kò hunṣọ mọ́, tí o lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, tí bàbá rẹ búra pé orúkọ rẹ kò ní jáde lẹ́nu àwọn mọ́, n kò gbúròó rẹ. Ọdún márùn-ún! Mo ní o ti gbàgbé ìyá tó bí ọ. Mo tilẹ̀ bínú sí ọ.

Lánàá, a fẹ́ ká òwú tuntun sórí òfì ńlá. O mọ̀ pé iṣẹ́ ẹni méjì ni: ẹnìkan á di òwú mú kó le dan-in, ẹnìkejì á máa yí igi ẹ̀yìn òfì, á sì máa fi pépà sáàárín kí òwú má baà wọnú ara wọn. Káfíńtà àdúgbò ló máa ń bá bàbá rẹ ṣe é. Ó rìnrìn àjò, ni wọ́n bá pè mí. Wọ́n ní pépà orí bẹ́ǹṣì nìkan ni kí n lò. Nígbà tó tán, mo wo abẹ́ bẹ́ǹṣì, mo rí páálí kan, mo fa pépà kan yọ nínú rẹ̀.

Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ni mo rí! “Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì.” Mo fa òmíràn yọ, ìwọ náà ni. Lẹ́tà mọ́kànlá, àdírẹ́sì rẹ sì wà lórí gbogbo wọn!

“Ìyá Adú, má kà á!” Bàbá rẹ ló kígbe bẹ́ẹ̀ láti ọ̀hún. Ọdún márùn-ún ni wọn kò fi pè mí lórúkọ yẹn. Wọn kò lè wá gbà á lọ́wọ́ mi, torí gbogbo òwú wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá jọ̀wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì dàrú nìyẹn. Mo fi igi há òfì, mo jókòó, mo ka gbogbo lẹ́tà náà sókè ketekete. Bàbá rẹ alágídí dúró bí òpó, omijé ń dà, kò sí ọwọ́ tí wọ́n máa fi nù ún. N kò bá wọn nù ún.

Ọmọ mi, foríjì mí, n kò mọ̀. Ìdajì òwú la ká, a so ìyókù mọ́ òpó. Máa bọ̀ nílé. N kò ní kí o wá hunṣọ o, ojú rẹ ni mo fẹ́ rí.

Iná irin kò ní ba ojú rẹ jẹ́. Ọwọ́ rẹ á máa ròkè, ọ̀nà rẹ á là.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò gbàgbé rẹ rí.

Àfikún: Mo bi bàbá rẹ léèrè ìdí tí wọn kò fi dáná sun àwọn lẹ́tà náà. Wọ́n ní: “Gbogbo òwú tí mo bá ká ni mò ń fi wọ́n sáàárín. Bí mo bá ti ń hunṣọ, wọ́n á máa jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì tún kà wọ́n.”