Koríko Oníke Tí N Kò Ní Ká Nílẹ̀

Tucson, Arizona,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023.

Anselmo, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara rẹ le, ṣé iṣẹ́ sì ń lọ déédéé ní Denver? Àdúrà mi ni pé kí òtútù ibẹ̀ má bá ọ jà lọ́dún yìí. Ní tèmi, ara mi le, àfi orúnkún ọ̀tún tó máa ń dà mí láàmú tí mo bá pẹ́ lórí ìdúró. Lucero àti Chata náà wà dáadáa. Bí mo ti ń kọ̀wé yìí, àwọn ajá méjèèjì nà gbọọrọ sórí koríko tí o ní kí n ká kúrò nílẹ̀.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú: "Màmá, ẹ ká a, kí ariwo yìí lè tán. Tí kò bá sì ṣeé ṣe, ẹ wá ẹni tó máa gba àwọn ajá yẹn lọ́wọ́ yín." N kò dá ọ lóhùn nígbà náà nítorí pé inú ń bí mi. Inú mi ti rọ̀ báyìí. Ìdáhùn mi ni rárá.

O mọ bí ẹ̀yìnkùlé wa ti rí tẹ́lẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ àti ẹ̀gún. Nígbà tí bàbá rẹ mú àwọn ajá náà wálé lọ́dún tí wọ́n ti pápá tí wọ́n ti ń fi ajá sáré ìdíje pa, ọmọdé ni wọ́n, wọ́n ń sáré lórí ohunkóhun. Wọ́n ti darúgbó báyìí, awọ wọn fẹ́lẹ́ bí bébà. Lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá, ẹ̀gún gún Lucero lẹ́sẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó sì kọ̀ láti jáde mọ́. Ó ń di ìtọ̀ mọ́ra títí ara rẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Dókítà ẹran sọ fún mi láìfi bò pé tí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ kú. Koríko gidi kò sì ṣeé gbìn. Omi tí à ń ṣọ́ lò níbí kò tó o, ìtọ̀ ajá á sì pa ìwọ̀nba tó bá hù.

Bernabé, ọmọ Ramona tó ń gbé ní òpópónà kejì, ló bá mi ṣe é. Ó gbẹ́ ilẹ̀ tó le bí sìmẹ́ǹtì yẹn, ó da òkúta kúnná sí i, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó wá tẹ́ koríko oníke náà lé e. Ihò wà lábẹ́ rẹ̀ tí ìtọ̀ ń gbà wọlẹ̀, Bernabé sì gbá iyanrìn tó ń pa òórùn sáàárín ewé rẹ̀. Mo ní kó ta aṣọ ibòòji láti ara igi mesquite títí dé ògiri, nítorí ẹni tó bá tẹ́ ike sínú oòrùn Tucson láìsí ibòòji, ààrò ló kọ́ fún ajá rẹ̀. Nígbà tó parí, Lucero dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e lé e. Ó wá jáde, ó tọ̀, ó tọ̀, títí Bernabé fi ṣí fìlà rẹ̀, ó ní, "Àǹtí Delfina, ṣé odò lẹ ní kí n gbẹ́ fún yín ni?"

Ọ̀gbẹ́ni Thurlow, alága ẹgbẹ́ onílé wa, ló sọ ọ́ di ẹjọ́. Ìgbà òtútù tó kọjá ló kó dé láti Minnesota, ó sì ti ka gbogbo òfin àdúgbò. Ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, òun àti Consuelo Beltrán àti ọkùnrin kan, tí àwọn méjèèjì náà wà nínú ìgbìmọ̀. Ó ní, "Ìyá Arvizu, òkúta tàbí koríko gidi ni òfin sọ. Ìwà ìkà sì ni èyí. Ike yìí á jó àwọn ajá yín lẹ́sẹ̀."

Ìkà tó pè mí yẹn ni n kò lè gbé mì. Mo ní kó ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe níbí kí a tó mú ajá jáde, kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kanlẹ̀ wo bó ti gbóná tó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi kan koríko mi, ó sì fi ọwọ́ náà síbẹ̀ pẹ́. Mo ní kó wá fi kan òkúta tó kù lẹ́bàá ògiri. Kíá ló já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò ní kọ síbí. Consuelo ní, "Alága, ẹ rọra o. Ẹ̀yin lè gbé ọwọ́ yín sókè. Ajá ò kúkú lè gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè lẹ́ẹ̀kan náà."

Thurlow fárígá pé abẹ́ ibòòji ni koríko náà wà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdí tí mo fi ta aṣọ náà nìyẹn, nítorí pé ike inú oòrùn tún gbóná ju òkúta lọ. Ó gbójú sókè wo aṣọ náà, ó ní, "Èyí náà ò sí nínú òfin."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú gbogbo onílé. Ó ní kí àwọn tó fẹ́ kí n ká a nawọ́. Consuelo ká ọwọ́ lẹ́rán, ọ̀pọ̀ sì ṣe bíi tirẹ̀. Thurlow ní òun kò gbà, òun á tún gbé e dìde lóṣù Kìíní pẹ̀lú lọ́yà. Mo dìde, orúnkún ń dùn mí, mo sọ fún un pé: "Ẹ mú lọ́yà wá. N kò ní ká a. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi ká a, kó dúró di oṣù Kẹfà, kó wá ní aago méjì ọ̀sán, kó sì bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu géètì."

Nítorí náà, má sọ fún mi mọ́ pé kí n fi ajá bàbá rẹ tọrẹ. Wálé nígbà Kérésìmesì, wá bá mi di tamale àgbàdo sínú ewé, kí o sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ koríko náà fúnra rẹ. Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé ọ kúrò níbi tí ara ti tù ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò ní lọ ibì kankan,
Delfina Arvizu.

Mo gbàgbé èyí: Láàárọ̀ yìí, mo rí Thurlow níwájú ilé rẹ̀, ó fẹ́ mú ajá kékeré rẹ̀ jáde. Kó tó sọ ọ́ sílẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan títì. N kò pè é. Mo fa rọ́bà omi, mo ń fọ koríko mi lọ.