Ohun Tí Mo Bá Jẹ Ni Ọmọ Mi Ń Mu

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà 2025. Ọ̀yọ́.
Ẹ̀jẹ̀ tún wà nínú ìgbẹ́ ọmọ láàárọ̀. Kò pọ̀ — tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú pupa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti sú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń fi ojú nu mí láyà nítorí pé ó ń yún un. Ẹ̀yẹolúwa ti pé oṣù méjì, kò tíì sun oorun àsùnwọra rí.
Mo pe Kọ́láwọlé, ọkọ mi, ní Pọtá níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí n gbọ́ ìyókù.

Ọjọ́rú, 4.
Òjò. Nápíìnì ò gbẹ. N ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lónìí àfi ọmọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 6.
Iléyá. Àwọn ará ilé ti lọ sí ìlú wọn, gbogbo yàrá wà ní títì. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi wá sí Ọ̀yọ́, n ò mọ ẹnì kankan kọjá ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì.
Díkónẹ́ẹ̀sì pè láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá ọkọ mi ni. Lójú wọn, Mọ́mì ni mò ń pè wọ́n. Inú ìwé yìí nìkan ni wọ́n ti ń jẹ́ Díkónẹ́ẹ̀sì. Wọ́n bi mí bóyá mò ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Mo ní mò ń mu ún, mà, tàárọ̀ talẹ́. Wọ́n ní kí n fi kún mílíìkì rẹ̀, kí ọmú lè máa wá.

Àbámẹ́ta, 7.
Díkónẹ́ẹ̀sì fi wàrà rán dírẹ́bà sí mi. Mo fi ata dín in, mo jẹ ẹ́ tán. Ẹnì kan rántí mi. Láti òní lọ, Mọ́mì ni n ó máa pè wọ́n nínú ìwé yìí náà.

Ọjọ́ Àìkú, 8.
Ẹ̀jẹ̀ náà ti pọ̀ sí i. N ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10.
Mọ́mì dé láàárọ̀. Wọ́n ní kí n fún ọmú sínú àwo pẹrẹsẹ. Wọ́n mú eèrà ní kíṣìnnì, wọ́n jù ú sí i. Eèrà rì, ó kú. Èwo ni eèrà tí wọ́n jù sómi tí kò ní kú? — mo rò ó, n ò sọ ọ́.
"Moyinolúwa, ọmú rẹ korò," wọ́n ní. "Gba ọmọ yìí lẹ́nu ọmú."
Wọ́n yọ agolo mílíìkì ọmọdé jáde nínú báàgì. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí dókítà kọ́kọ́ rí i. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni, níbi tí ojú àwọn yóò ti tó o.

Ọjọ́rú, 11. Ògbómọ̀ṣọ́.
Dókítà Mùjídàt. Ohun tí èmi ń jẹ ló ń bi mí. Nígbà tí mo dárúkọ wàrà, ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ọmú mi ò korò. Ó jọ pé mílíìkì màlúù tí mò ń mu ló ń bá ọmú wọ ara ọmọ, tí ara rẹ̀ ò sì gbà á — àlẹ́jì. Kí n má dá ọmú dúró. Kí n yé jẹ gbogbo ohun tó bá ní mílíìkì: wàrà, bọ́tà, bisikíìtì, búrẹ́dì mìíràn pàápàá. Ká wò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.
Mo béèrè agolo yẹn. Ó ní mílíìkì màlúù náà ló wà nínú rẹ̀.
Mọ́mì ń tún gèlè wọn ṣe. Ìgbà tí a délé ni wọ́n sọ̀rọ̀: àwọn jẹ wàrà, àwọn tọ́ ọmọ márùn-ún. Kọ́láwọlé náà pè — ó ní kí n máa ṣe ohun tí ìyá òun bá wí.

Ọjọ́ Ẹtì, 13. Ọ̀yọ́.
Èmi àti ọmọ nìkan la padà. Mọ́mì gbàdúrà fún ọmọ kí n tó wọ mọ́tò. Wọn ò dárúkọ mi nínú àdúrà náà.

Ọjọ́ Ajé, 16.
Iṣu àti epo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17.
Iṣu àti epo. Oníbúrẹ́dì kọjá. Mo ti fèrèsé.

Ọjọ́bọ̀, 26.
Aṣọ mi ti ń já bọ́ ní èjìká. Ṣùgbọ́n n ò rí ẹ̀jẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. N ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni — ta ni n bá sọ fún?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Keje.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán. Ó rẹ́rìn-ín sí mi! Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kọ́láwọlé. Ó fi àwòrán àtàǹpàkò dáhùn.

Ọjọ́bọ̀, 10.
Dókítà ní lórí fóònù pé kí n tún mu mílíìkì bíi ti tẹ́lẹ̀, kó lè dá wa lójú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá padà, kí n dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá.

Àbámẹ́ta, 12.
Mọ́mì dé. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mo ti rù. Wọ́n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, wọ́n ní àdúrà ìjọ ti gbà. Mo sọ ohun tí dókítà wí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn po ẹ̀kọ náà. Wọ́n da mílíìkì sí i, ó funfun báláú. Mo mu ún. Ó dùn — inú bí mi pé ó dùn.

Ọjọ́ Àìkú, 13.
Mo tún mu. Kò sí nǹkan kan. Mọ́mì ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì kiri ilé.

Ọjọ́ Ajé, 14.
Mọ́mì ló tú nápíìnì. Wọ́n pè mí jẹ́jẹ́. Ẹ̀jẹ̀.
"Èmi ni mo po ẹ̀kọ yẹn," wọ́n ní.
Mo ní rárá, mà, èmi ni mo bẹ̀ yín. Wọ́n pọn ọmọ tó ń sunkún, wọn ò sọ ọ́ kalẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́rú, 16.
Mọ́mì ò tíì lọ. Mo ra búrẹ́dì àti mílíìkì fún wọn láàárọ̀, mo gbé e ka tábìlì ní pálọ̀. Mo gbé iṣu tèmi lọ sí kíṣìnnì. Wọ́n tẹ̀lé mi wọlé, wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n ki ọwọ́ bọ àwo mi.
Mo ní oúnjẹ yín wà ní pálọ̀, mà.
"O ti dá a jẹ tó," wọ́n ní. "Sún un mọ́ mi."
A jọ jẹ ẹ́ tán.