Ohun Tí Mo Kà Lẹ́yìn Páálí Adìẹ

Nazimabad, Karachi,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá.

Farkhanda, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé ní Multan. Mo gbàgbọ́ pé ara rẹ le, àti pé orúnkún tó ń dà ọ́ láàmú ti ń gbọ́ oògùn. Èmi náà wà láàyè, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Lẹ́tà ni mo kọ, torí etí ti pọ̀ jù nínú ilé yìí fún ọ̀rọ̀ fóònù.

O mọ̀ pé láti ọdún tó kọjá ni kíndìnrín Ikramullah ọkọ mi ti ń ṣe ségesège. Dókítà kìlọ̀ pé iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo ti iyọ̀ ilé mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù, tí mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìborùn mi. Síbẹ̀, fún oṣù mẹ́ta gbáko, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú bíi búrẹ́dì tó já sómi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ilé. Ta ló ń fún un níyọ̀? Ojú mi lọ sọ́dọ̀ Sadaf, ìyàwó Waqar ọmọ mi, torí òun ló ń dáná, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Muscat. Mo ń tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò kó tó gbé e kalẹ̀. Ọbẹ̀ tẹ́ bí omi òjò. Ìyẹn gan-an ló wá bà mí lẹ́rù jù: mo ní ọmọ yìí gbọ́n, ẹ̀yìn mi ló ti ń ṣe é. Farkhanda, má bínú sí mi, mo tú àpò ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó ń wẹ̀. Kò sí nǹkan níbẹ̀ ju ìyarun àti fọ́tò Waqar lọ.

Ó yẹ kí n dákẹ́. N kò dákẹ́.

"Sadaf, kí lo ń bù sí oúnjẹ Abbu, bàbá ọkọ rẹ?"

"Ammi, ìyá mi, ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà. Níbo ni mo ti fẹ́ rí iyọ̀?"

"Ìyẹn ni mo ń bi ọ́!"

"Ẹ kúkú sọ ọ́ tán, Ammi. Ẹ ní mo fẹ́ pa wọ́n."

N kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kó aṣọ rẹ̀, ó lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Malir. Ikramullah jókòó níbẹ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn, kò lanu.

Bí Sadaf ṣe lọ, èmi ni mo di alásè. Àwọn ègé adìẹ kéékèèké inú páálí, tí wọ́n ti fi èérún búrẹ́dì bò, tó jẹ́ kí a ṣáà yọ wọ́n nínú fírísà ká dín wọn ni, èmi fúnra mi ni mo ti yàn wọ́n fún ọkọ mi láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú páálí: "Adìẹ gidi fún ìlera ìdílé rẹ." Mo ní ẹran tí ẹnikẹ́ni nílé yìí kò bu iyọ̀ sí, ewu wo ló wà níbẹ̀? N kò tilẹ̀ tọ́ ọ wò rí, oúnjẹ ọmọdé ni mo kà á sí. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀kan já nígbà tí mo ń dín in, mo bá jù ú sẹ́nu. Iyọ̀!

Mo gbé páálí lọ sójú fèrèsé, mo mú awò ojú tí mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ òtítọ́ sí, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Adìẹ kò ju ìdajì lọ. Ìyókù jẹ́ omi, ìyẹ̀fun, awọ àti òróró. Lẹ́yìn náà ni iyọ̀, àti nǹkan mẹ́ta mìíràn tó jẹ́ pé sódíọ̀mù ló ṣáájú orúkọ wọn. Mo gbé e lọ bá Dilawar tó ni ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé wa.

"Háà, Khala, àǹtí mi, adìẹ tí à ń jẹ lẹ̀ ń kà bí ìwé ilé ẹjọ́!"

"Fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀. Kí ni sódíọ̀mù?"

"Iyọ̀ náà ni, Khala. Ó kàn yí orúkọ padà kí ọlọ́pàá má baà dá a mọ̀ ni."

Ó fi ìka tọ́ka sí iye rẹ̀. Kò pọ̀ lójú, àfi ìgbà tí mo rí i pé ègé méjì péré ni wọ́n ṣírò rẹ̀ fún. Ègé méjì! Mẹ́jọ ni Ikramullah ń jẹ lójoojúmọ́. Nígbà tí mo fi páálí náà han dókítà, ó mirí. Ó ní iyọ̀ tí òun fún un láàyè láti jẹ látàárọ̀ dalẹ́, ohun tó lé ní ìdajì rẹ̀ ló ń tibẹ̀ wá.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Malir. Ojú ìyá Sadaf ni mo ti tọrọ àforíjì, mo sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ àpò náà. Sadaf ní, "Mo máa padà wá, Ammi. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ fún Abbu pé kì í ṣe èmi."

Mo padà délé, mo sọ fún Ikramullah. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ka ẹ̀yìn páálí yẹn."

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí n lé ọmọ ọlọ́mọ jáde?"

"Mehrun, bí mo bá sọ ọ́, ṣé o tún máa dín in fún mi?"

Àná ni Sadaf dé. Ẹsẹ̀ Ikramullah ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oògùn nìkan ni mo ń fi lé e lọ́wọ́, n kò bá a sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ni a ti jọ ń gbé. Mo ń wò ó báyìí bó ṣe ń jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà rẹ̀ tó tẹ́, n kò sì mọ ohun mìíràn tó ti kà tí kò sọ fún mi.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa bọ́ àìsàn nínú ilé wa. Kí ó fún orúnkún rẹ lágbára, kí ó sì jẹ́ kí a fojú kan ara wa pẹ̀lú ayọ̀ kí ààwẹ̀ tó dé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í gbàgbé rẹ nínú àdúrà,
Mehrunnisa.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù: Bí Ikramullah bá pè ọ́ pé òun fẹ́ wá kí ọ ní Multan fún ọ̀sẹ̀ kan, kọ́kọ́ wo inú fírísà rẹ kí o tó dá a lóhùn.