Okùn Ohùn Tó Há Lọ́fun Bàbá Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ò ń jẹun kánú? Ìyá rẹ ń kí ọ, ara rẹ̀ le koko. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àtijáde àtiwọlé rẹ.

Èmi ni mo pè ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ Ajé, kì í ṣe gbájúẹ̀. O ní kí olè tó ń sọ̀rọ̀ hẹ́ẹ̀hẹ́ẹ̀ lọ wáṣẹ́ ṣe, o sì gé e mọ́ mi létí. Inú mi dùn pé ojú rẹ là, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ni, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi ni ohùn mi ti há, bí mo bá sì mumi, ikọ́ ni. Ìyá rẹ ní ariwo tí mo ń pa ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi ló fà á. Mo bá padà sí ọsibítù. Dókítà obìnrin kan ní òun fẹ́ ti kámẹ́rà gba imú mi wo ọ̀fun. Mo yára ya irun mi, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, fọ́tò ṣáà ni fọ́tò ń jẹ́.

Ó ní okùn ohùn méjì ló wà lọ́fun èèyàn, tòsì mi kò mira mọ́. Mo ní kò le, ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì ni, awẹ́ kan ló há, kí ó ta òróró sí i. Ó ní iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún okùn náà ló fara gbọgbẹ́ nígbà iṣẹ́ abẹ. Ó ní ti ẹlòmíràn, kòkòrò àìfojúrí ni, tàbí rọpárọsẹ̀, tàbí kókó inú àyà tó tẹ iṣan mọ́lẹ̀. Wọ́n yẹ àyà mi wò, kò sí nǹkan kan. Fọ́ọ̀mù wọn bèèrè nọ́ńbà fóònù, mo kọ ọ́, mo fi kún un pé kí wọ́n má pè, kò sóhùn.

Mo bi dókítà náà bóyá ohùn mi yóò padà. Ó ní ó lè gbà tó oṣù mélòó kan, òun ò lè ṣèlérí. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ìta, má sọ fún ìyá rẹ.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ ohùn kan ń kọ́ mi bí mo ṣe máa kùn bí oyin. Lánàá, ìyá rẹ ń gbé omi gbígbóná bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ kọ pákó tí mo tẹ́ sílẹ̀, mo ké pé, “Dúró!” Ó dúró gbagidi. Ó sọ omi kalẹ̀, ó bú sẹ́kún, lẹ́yìn náà ló wá bú mi dáadáa nítorí pákó. Ohùn náà ń bọ̀, ó dá mi lójú.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ tí n ó fi máa lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ náà rán awakọ̀ sí mi. Má fi sí báńkì o, mo bá ẹ̀rọ tó ń pọ owó níbẹ̀ sọ̀rọ̀ títí, kò gbọ́ mi.

Iwájú iwájú ni wàá máa lọ, o kò ní di àwátì. Bí o bá gbin ẹyọ kan, wàá ká igba.

Èmi ni, bàbá rẹ.